Kọ́kọ́rọ́ Ihò Dúdú Wà Lọ́wọ́ Bàbá Àmọ́

Nígbà tí Ojúlókè mú kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ ayé rẹ̀, tí ó fi í lé alátakò rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rò pé àárẹ̀ ti gùn ún dé orí. Ẹ bá mi wò ó ná. Obìnrin tí ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu wíwá ihò dúdú kan lójú ọ̀run, tí ìfẹ̀yìntì sì ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ni ó wá gbé ohun tí a óò fi ṣí èsì iṣẹ́ náà fún ẹnì kan ṣoṣo, nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà, tí kò gbà pé ihò dúdú kankan wà níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ó sún mọ́ ọn jù lọ wí. "Bàbá Àmọ́ kẹ̀? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ò fẹ́ rí ìràwọ̀ wa sójú ni?"

"Ìdí tí mo fi fún un nìyẹn," ni Ojúlókè dáhùn. "Bí mo bá fún ọ̀rẹ́ mi, tí ó sì bọ́ sí i, wọn á ní ọ̀rẹ́ mi ló bá mi tún un ṣe. Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ọjọ́ tí ọ̀tá mi bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òdù ọ̀yà ni mo pa, ta ló kù tí yóò jiyàn?"

Bàbá Àmọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni òun náà, òun àti Ojúlókè sì jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nígbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú kirimú. Ohun tí ó ń ṣe é ni pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ó lè gbé mì láìjẹ pé ó kọ́kọ́ rún un lẹ́nu. Bí o bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́, yóò ní, "Àmọ́ ìkùukùu wà." Bí o bá ní oúnjẹ dùn, yóò ní, "Àmọ́ ó ti tutù." Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀ bí ó bá ń sọ ọ́ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, nígbà tí wọ́n bi ọkọ òun léèrè bóyá ó gbà, "àmọ́" ni ó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rántí ibi tí ó wà. Ní ti ìràwọ̀ tí Ojúlókè fi ń wá ihò dúdú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń sọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà: "Ìràwọ̀ náà ń jó lóòótọ́, àmọ́ ta ló sọ pé ihò dúdú ló ń bá a jó?"

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa obìnrin náà kí ìtàn tó jìnnà. Onífọ́tò ni bàbá rẹ̀, aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù méjèèjì fara kan ara wọn, aṣọ títa kan ṣoṣo ni ó pààlà wọn. Bí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ bá ti sú ọmọ náà, yóò yọ́ wọ yàrá òkùnkùn tí bàbá rẹ̀ ti ń fọ àwòrán. Yóò dúró ti abọ́ omi oògùn náà, yóò máa wo bí imú àti ètè àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹni ẹlẹ́ni ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára pépà funfun. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ pé ìmọ́lẹ̀ kì í purọ́. Ẹni tí ó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ ni kí a máa ṣọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀wù.

Ní ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tí kì í lè rìn kí ó má gbójú sókè ni. Olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì pé ọmọbìnrin tí ó bá ń wo òkè báyìí, inú kòtò ni yóò já sí. Ọmọ náà dìde, ó kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ nìkan, iwájú orí ló fi ń gbá ẹ̀ka igi." Wọ́n nà án. Kò sunkún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ojúlókè lọ́jọ́ náà, wọ́n rò pé àwọn fi ń bú u ni. Ó gba orúkọ náà, ó fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Nígbà tí ó dàgbà, àwọn ẹbí ní kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ tí ó nítumọ̀. Ó bi wọ́n pé kí ni ó tún nítumọ̀ ju kí ènìyàn mọ ibi tí òun wà láyé lọ. Ó fẹ́ oníṣègùn eyín kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí àlejò bá bèèrè irú iṣẹ́ tí tọkọtaya náà ń ṣe, ọkọ ni í tètè fèsì: "Iṣẹ́ kan náà ni. Ihò dúdú ni àwa méjèèjì ń wò látàárọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tèmi ṣe é dí."

Ìràwọ̀ tí ó dá gbogbo arukutu yìí sílẹ̀ kì í ṣe ìràwọ̀ ńlá. Ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi awò ńlá tí a fi ń wo ojú ọ̀run gba ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, tí a sì là á sí àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí òṣùmàrè, àwọn ìlà tín-ín-rín kan a máa hàn nínú rẹ̀. Bí ìràwọ̀ náà bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn ìlà náà a sún díẹ̀ sí apá àwọ̀ aró. Bí ó bá ń lọ, wọn a sún sí apá pupa. Ìlà ti ìràwọ̀ yìí kò dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ń sún síhìn-ín, wọ́n ń sún sọ́hùn-ún, pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà, láìsinmi. Ojúlókè a máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé, "Bí ẹ bá rí ọmọdé kan tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tó ń yí gbirigbiri nínú òkùnkùn tí kò sì ṣubú, ṣé ó dìgbà tí ẹ bá rí ọmọ kejì kí ẹ tó mọ̀ pé ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú?" Bí ọmọ tí a rí bá ṣe ń sáré tó ni yóò sọ bí ẹni tí a kò rí ṣe wúwo tó.

Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ náà, ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ tí màmá náà kọ̀ láti kúrò nídìí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀.

"Màámi, ìràwọ̀ náà ń yí po ohun kan tí a ò rí. Ìràwọ̀ ńlá ni ohun náà nígbà kan. Ó jẹ epo rẹ̀ tán, ó wó lé ara rẹ̀ lórí, ó wá wúwo níbi tóóró débi pé ìmọ́lẹ̀ gan-an ò lè sá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀."

"Ọkọ rẹ̀ ni?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pè é lọ́kọ."

"Ó wúwo, kì í sọ̀rọ̀, aráyé ò rí i rí, gbogbo ayé ìyàwó ẹ̀ sì ń yí po ẹ̀?" Màmá náà fi eyín gé òwú. "Ọmọ mi, má wulẹ̀ wá a lọ sójú ọ̀run. Mo mọ ìyàwó mẹ́ta tó fẹ́ irú ẹ̀ ládùúgbò yìí."

Ohun tí ó wà nílẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò tan ìmọ́lẹ̀ rárá, tí ó sì wúwo ju nǹkan bí oòrùn mẹ́ta lọ, ihò dúdú nìkan ni àwọn onímọ̀ mọ̀ tí ó lè jẹ́. Bí ó bá kéré sí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ìràwọ̀ játijàti kan tí kò mọ́lẹ̀ tó, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Àmọ́ ti wí. Olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn sì ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: bí ó bá jẹ́ ìràwọ̀ játijàti, àkókò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ Ojúlókè lórí awò ńlá náà yóò di ti ẹlòmíràn, yàrá iṣẹ́ wọn yóò sì di ti àwọn tí ń ṣèwádìí òjò.

"Òjò náà wúlò, Mà," ni olórí ẹ̀ka wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo mọ̀ pé ó wúlò," ni Ojúlókè dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kó máa rọ̀ síta."

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà kí ó yé wa. Àwọn oníṣẹ́ yìí ní àṣà kan tí í ya ará ilé wọn lẹ́nu: wọn a máa ti èsì ara wọn mọ́lé. Ẹni tí ó bá ti mọ ibi tí òun fẹ́ kí ọ̀rọ̀ já sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yà síbẹ̀ láìmọ̀. Yóò ju àkọsílẹ̀ tí kò bá a lára mu nù, yóò ní ìkùukùu ni ó bà á jẹ́. Yóò sì tọ́jú èyí tí ó dùn mọ́ ọn. Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó wọra, wọn yóò ní kí ẹnì kan fi nọ́ńbà àṣírí kan da eré tí ìràwọ̀ náà ń sá rú nínú kọ̀ǹpútà. Òun nìkan ni yóò mọ nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà ọ̀hún ni kọ́kọ́rọ́. Kò gbọdọ̀ yọjú sí iṣẹ́ àwọn tó kù. Àwọn náà yóò máa ṣiṣẹ́ lórí èsì tí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, wọn yóò yanjú gbogbo ohun tí ó yẹ ní yíyanjú, títí wọn yóò fi jọ sọ pé ó tán, àwọn kò tún ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ìgbà náà ni onítọ̀hún yóò wá ṣí i lójú gbogbo ènìyàn. Ohunkóhun tí ó bá jáde ni wọn yóò kọ. Lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan náà, wọn a máa fi ìràwọ̀ méjì mìíràn tí gbogbo onímọ̀ ti mọ ìwọ̀n wọn sí i. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn pé, ní ọ̀sán gangan. Yàrá ìpàdé kún dẹ́nu. Bisikíìtì wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ. Ojúlókè mú ìyá rẹ̀ wá, ó fi í sí ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Olórí ẹ̀ka ti rọra sọ tẹ́lẹ̀ pé bóyá ó sàn kí màmá dúró sílé, nítorí bí kò bá bọ́ sí i. Ojúlókè ní, "Ojú ìyá mi ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tí mo ṣubú. Bí n óò bá tún ṣubú, kì í ṣe ohun tí kò rí rí."

Wọ́n tan èsì tí ó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ sára ògiri: oòrùn mẹ́ta géérégé. Ẹ̀rín sọ. Orí ààlà gan-an!

"Bàbá, ẹ fẹ́ pa wá ni?" ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ké.

"Èmi kò rí i rí títí di ìsinsìnyí," ni Bàbá Àmọ́ wí, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀. "Àmọ́ ó pa mí lẹ́rìn-ín."

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi ara bo ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí kò fẹ́ kí wọ́n wo iṣẹ́ òun, ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí ògiri.

Oòrùn kan.

Kì í ṣe mẹ́rin, kì í ṣe méjì àbọ̀ tí a lè máa fà mọ́ ara ẹni lọ́wọ́. Ọ̀kan! Irú èyí tí ó kún ojú ọ̀run bí iyanrìn. Olórí ẹ̀ka wo bàtà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà bo ẹnu. Ojúlókè fi ọwọ́ ti tábìlì, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ.

"Ọ̀kan ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì yí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mà, ẹ jẹ́ ká kàn yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá a ti…"

"Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá ni, ṣé ẹ ó ní ká yẹ̀ ẹ́ wò?"

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà mú bírò rẹ̀.

"Ẹ ò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Ijó lẹ ó máa jó. A búra pé ohun tó bá jáde la ó kọ, kì í ṣe ohun tó bá wù wá. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ lẹ́yìn mi pé ìgbà tí kò dùn mọ́ mi ni mo rántí àṣìṣe. Ẹ kọ ọ̀kan."

Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́, ó di ìka rẹ̀ kan mú. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, gbogbo ènìyàn rò pé Bàbá Àmọ́ yóò ti máa fò fáyọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ń wo ògiri, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún ń wo ògiri, bí ẹni tí ó wọlé ara rẹ̀ tí ó bá àga níbi tí kò fi í sí.

"Àmọ́," ni ó wí níkẹyìn, "kí ló dé tó fi kéré sí i?"

"Kí lo wí?" ni Ojúlókè bi í.

"Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn yìí, mo dín eré ìràwọ̀ náà kù ni. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Bí mo bá ṣí i, eré náà gbọdọ̀ pọ̀ sí i, ìwọ̀n náà gbọdọ̀ tóbi sí i. Mẹ́ta kò lè di ọ̀kan." Ó fọwọ́ gbá orí. "Mo tún dín in kù lẹ́ẹ̀kejì ni! Dípò kí n ṣí i, mo tún fi àgádágodo kejì lé e!"

Ariwo ta. Ojúlókè gbé ọwọ́ sókè, ó pa á lẹ́nu mọ́.

"O ń ṣàánú mi."

"Èmi? Ìwọ? Láti ìgbà wo?"

"O rí ìyá mi níwájú, àánú ṣe ọ́. Mi ò fẹ́ àánú. Ọ̀kan ló jáde, ọ̀kan la ó kọ."

"Ìwọ obìnrin yìí!" Bàbá Àmọ́ dìde, gíláàsì rẹ̀ bọ́ sí orí imú. "Èmi tí mi ò gbà pé ihò dúdú kankan wà níbẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ọ́ pé kó tóbi sí i, ìwọ tí o ń wá ihò dúdú lo ní àfi kó kéré! Ta ló máa gbọ́ ọ? O fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ṣèṣirò tí mo kùnà, mo sì dákẹ́? Orúkọ mi ni mò ń gbà là, kì í ṣe tìrẹ!"

Màmá aránṣọ kọjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. "Ṣé ìjà ni, àbí wọ́n ń ṣeré?"

"Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn, mà," ni oníṣègùn eyín dáhùn.

Inú Ojúlókè ń gbóná, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìmọ̀ kò gba ìbúra ẹnikẹ́ni gbọ́, ti ọ̀rẹ́ tàbí ti ọ̀tá. "Ó dáa," ni ó wí. "Mi ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹlẹ́rìí dà? Ẹ pe ẹlẹ́rìí. Bí kọ́kọ́rọ́ náà bá yí síbi tó yẹ, ìràwọ̀ méjèèjì tí a mọ̀ á jẹ́ ìwọ̀n tí a mọ̀ wọ́n sí. Bí wọn ò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀kan mi sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹlẹ́rìí wò bí Bàbá Àmọ́ ti tẹ̀ ẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn ìràwọ̀ méjì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ ìwọ̀n wọn bí orúkọ ìyá wọn joro, wọ́n di ẹ̀gbọ̀n òwú. Ẹ̀rín bú ní ẹ̀yìn yàrá. Bàbá Àmọ́ yí kọ́kọ́rọ́ náà sí apá kejì. Ẹlẹ́rìí nà tàntàn, wọ́n bọ́ sí ìwọ̀n wọn gan-an bí ẹsẹ̀ ti í bọ́ sínú bàtà tí ó ti mọ́ ọn lára.

"Ṣé o gbà báyìí?" ni ó bi Ojúlókè.

"Mo gbà. Ṣí tiwa."

Ó tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi ara bo ọwọ́.

Oòrùn mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin ará, mi ò lè ròyìn ariwo tí ó sọ. Àwọn oníwàádìí òjò sáré wá láti yàrá kejì, wọ́n rò pé iná ń jó. Olórí ẹ̀ka ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé èrò òun ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bisikíìtì tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ pòórá lójijì. Màmá aránṣọ dìde, ó ń jó láìsí orin, ó ń kígbe pé, "Mẹ́sàn-án! Ọmọ mi bí mẹ́sàn-án!" kò sì sí ẹni tí ó ní ìgboyà láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ojúlókè fẹ́ dúró gbọọrọ bí ó ti dúró nígbà tí ó jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà ju agbára ẹ̀yìn rẹ̀ lọ; ó jókòó sórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Bàbá Àmọ́ wá dúró níwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́. "Ihò dúdú ni. Mo gbà." Ó gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́ síbẹ̀. Gbogbo yàrá ń wò ó. "Àmọ́," ni ó wí, "bí ìràwọ̀ tó tóbi tó yẹn bá kú, ó yẹ kí ìbúgbàù rẹ̀ ti ta ìyàwó rẹ̀, ìràwọ̀ tí à ń rí yìí, nù jìnnà. Báwo ló ṣe kú tí ìyàwó kò fi mira?"

Ojúlókè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ títí ọwọ́ fi fẹ́ já. "Mi ò mọ̀," ni ó wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Awò ńlá wà lọ́wọ́ mi. Wá bá mi wò ó."

Wọ́n jókòó síbẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìwé tí wọn yóò tẹ̀ jáde. Olórí ẹ̀ka dámọ̀ràn pé kò sí ìdí láti mẹ́nu ba oòrùn kan tí ó kọ́kọ́ jáde. Yóò kàn da àwọn tí ń kàwé láàmú. Ojúlókè ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́: a ṣí i, a ṣì í ṣí, ọ̀kan ni ó jáde, báyìí ni a ṣe mọ̀ pé kì í ṣe òun. "Ẹni tó bá fẹ́ láàmú, kó láàmú," ni ó wí. Bàbá Àmọ́ ní òun fara mọ́ ọn, kìkì pé kí wọ́n bá òun fi orúkọ òun gidi sí i, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn.

Oòrùn ṣì mú nígbà tí Ojúlókè fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ jáde sí ojú títì. Màmá náà dúró, ó gbójú sókè, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú.

"Apá ibo ló wà?"

"Kò ṣe é rí, Màámi. Ọ̀sán ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ òru, kò ṣe é rí náà."

"Mi ò ní kó jẹ́ kí n rí òun. Apá ibo ló wà?"

Ojúlókè ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ó nàka sí òdìkejì títì, sí ilé apoògùn tí wọ́n kùn ní funfun. "Ẹ̀yìn ilé yẹn ni báyìí, lókè díẹ̀ sí òrùlé."

Màmá náà gbé ọwọ́ sókè, ó ń jù ú tìdùnnú-tìdùnnú. Apoògùn tí ó jókòó lójú fèrèsé rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ju ọwọ́ padà.

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń kí o!" ni màmá ké sí i láti òdìkejì. "Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ni! Ṣùgbọ́n gba tìrẹ náà!"

Apoògùn náà bojú wẹ̀yìn.